Owó Tí Kì Í Gba Orí Fóònù

Nàìróbì, Ọjọ́rú

Orí fóònù ni owó ń gbé ní ìlú yìí. Láti ọdún 2007 tí ilé-iṣẹ́ fóònù Safaricom ti gbé M-Pesa, ètò tí wọ́n fi ń san owó lórí fóònù, jáde, ó ti wọ ọjà débi pé ìyá tó ń yan àgbàdo lẹ́bàá títì ní Roysambu kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára pátákó. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá, tí ìjà ṣéńjì ti mọ́ lára, gbádùn èyí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n owó kan wà tí kì í gba ibẹ̀. Nínú mátátù, ọkọ̀ èrò ibí, tí mo wọ̀ lọ sí àárín ìlú láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, mo sì rí i tí kọ̀ńdọ́ ń ká owó bébà kan títí ó fi fara pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà Thika, kọ̀ńdọ́ bọ́ sílẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ọ̀rẹ́ àtijọ́, ọkọ̀ sì ṣí. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ọkọ̀. Èrò kan lẹ́yìn mi ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé kí kọ̀ńdọ́ tètè fún un, kí òun má bàa pẹ́ níbi iṣẹ́.

Àlejò tó bá rí èyí á ní ojúkòkòrò ni, tàbí kó tilẹ̀ pè é ní àṣà. Ìṣirò ni mo rí níbẹ̀. Bíi ti dánfó Èkó, olówó ọkọ̀ ti bu iye tí awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ gbọ́dọ̀ san fún un lálẹ́, ohun tó bá ṣẹ́kù ni tiwọn. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan jiyàn òfin, èrè ọjọ́ náà ti ń lọ nìyẹn. Àkókò ni ọlọ́pàá yẹn ń tà. Ní ọdún 2014, ìjọba pàṣẹ pé káàdì ni kí wọ́n máa fi san owó ọkọ̀, ètò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu, torí pé ẹ̀gúnjẹ kò fẹ́ àkọsílẹ̀.

Àwọn tó ń pè é ní àṣà kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, nígbà tí Mwai Kibaki ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Kẹ́ńyà, tí àwọn èrò ọkọ̀ fúnra wọn ń dìde sí ọlọ́pàá tó bá fẹ́ gba rìbá. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ àdéhùn Anglo Leasing, iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé fún ilé-iṣẹ́ tí kò sí, fi tú síta lábẹ́ ìjọba kan náà, tí John Githongo, ẹni tí Kibaki fúnra rẹ̀ yàn láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2005. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò tún pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nítorí ọgọ́rùn-ún ṣílè kọ̀ńdọ́?