Orúkọ Tó Wà Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì àti Ọkọ̀ Tó Gbé Wa: Láti Àkúrẹ́ dé Minneapolis

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ lọ kí ọmọ wọn ní Minneapolis, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èmi ni ẹbí ní kí n bá wọn lọ, nítorí pé àgbà ti dé sí wọn. Aṣojú tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní òpópónà Ọba Adésidà, ní Àkúrẹ́, kọ KLM, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Netherlands, sí ìrìn méjèèjì: Èkó sí Amsterdam, àti Amsterdam sí Minneapolis. Ṣùgbọ́n lábẹ́ nọ́ńbà ìrìn kejì, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KL, wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé: “Operated by Delta Air Lines,” ìyẹn ni pé ọkọ̀ Delta, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló máa gbé wa.

Lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ti ìlú wa lọ sókè òkun máa kà dáadáa. Ohun tí wọ́n ń pè ní codeshare ni pé ilé-iṣẹ́ kan ń ta àyè nínú ọkọ̀ òfurufú ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó sì ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni awakọ̀, òṣìṣẹ́ àti oúnjẹ inú rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú àjọṣe yìí ti wà láàárín Amsterdam àti Minneapolis. Ní 1992, Amẹ́ríkà àti Netherlands fọwọ́ sí àdéhùn tó ṣí òfurufú wọn sílẹ̀ fún ara wọn. Ní 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fún KLM àti Northwest, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní agbègbè Minneapolis, láyè láti jọ máa gbé iye owó kalẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa tajà. Northwest di ara Delta ní 2008, àjọṣe náà kò sì dópin.

Ní Èkó, wọ́n fún wa ní ìwé ìwọkọ̀ méjèèjì, wọ́n sì lẹ Minneapolis mọ́ ẹrù wa, a kò fojú kàn án mọ́ títí a fi dé ibẹ̀. Àyè ìjókòó ìrìn kejì ni mo ní láti wá lọ́dọ̀ Delta fúnra rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tí Delta fi ń dá ìwé ìrìnnà wa mọ̀ yàtọ̀ sí ti KLM. Níbẹ̀ náà ni mo ti fìdí àga onítáyà tí Màmá máa lò múlẹ̀. Nígbà tí Màmá rí orúkọ ara ọkọ̀ ní Amsterdam, wọ́n bi mí pé, “Ṣebí KLM la sanwó fún?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àwọn ló gbowó, àwọn wọ̀nyí ló máa gbé wa.”

Bí ẹrù bá sọnù tàbí tó bàjẹ́, Àdéhùn Montreal ti 1999, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà òfurufú tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, gba èrò láyè láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé e. Inú ìwé ni kí a kọ ẹ̀sùn sí: láàárín ọjọ́ 7 fún ẹrù tó bàjẹ́, ọjọ́ 21 fún èyí tó pẹ́ dé. Òfin Yúróòpù lórí ọkọ̀ tí wọ́n fagi lé tàbí tó pẹ́ jù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò nìkan ló ń san owó gbà-má-bínú fún èrò, èyí tó lè tó 600 yúrò fún ìrìn jíjìn.

Ibi tó kan àwa ará Àkúrẹ́ jù ni pé Èkó ni ààbò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni ti Àkúrẹ́ sí Èkó. Bí ọkọ̀ yẹn kò bá gbéra, tàbí tí mọ́tò há sójú ọ̀nà Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ òkè òkun kò jẹ wá ní gbèsè kankan. Nítorí náà, ọjọ́ tó ṣáájú ni mo mú Màmá kúrò nílé, a sì sùn sí Èkó. Nígbà tí a ń padà bọ̀, n kò ra tíkẹ́ẹ̀tì Àkúrẹ́ sílẹ̀ títí ẹrù wa fi tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ìkẹjà.