Ojú àmì mẹ́rin, ìlà kan

Lẹ́tà "S" tó wà lójú ẹ̀rọ yín yìí, ìṣirò ni. Mo fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lónìí títí ó fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, síbẹ̀ etí rẹ̀ ò rí gbágungbàgun. Ká ní fọ́tò ni, ì bá ti di bátabàta. Pọlinọ́míà ni wọ́n tọ́jú sínú fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tí ìrísí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, bí a bá sì ti fẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á tún un ṣírò.

Pọlinọ́míà ọ̀hún ò ju èyí tí a kọ́ nílé ìwé girama lọ: x, x lọ́nà x, x lọ́nà x lọ́nà x, a fi nọ́ńbà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ta ló sọ fún wa nígbà náà pé wọ́n ń fi ya ara mọ́tò?

Ìdí mọ́tò sì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1959, Paul de Casteljau, òṣìṣẹ́ Citroën nílẹ̀ Faransé, rí ọgbọ́n tí a fi lè lo ojú àmì díẹ̀ láti darí ìlà tó tẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi í pamọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Pierre Bézier ní Renault dé ibi kan náà lọ́nà tirẹ̀, òun sì tẹ tirẹ̀ jáde. Bí orúkọ Bézier ṣe mọ́ ìlà náà lára nìyẹn. Àánú de Casteljau ṣe mí díẹ̀, torí ọ̀nà tirẹ̀ ni mo gbádùn jù. Rúlà àti pẹ́ńsù ti tó o.

Mo to ojú àmì mẹ́rin sórí pépà gíráàfù: (0,0), (0,8), (8,8), (8,0). Mo fi ìlà mẹ́ta so wọ́n pọ̀, mo sì wá àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan: (0,4), (4,8), (8,4). Mo so ìwọ̀nyẹn náà pọ̀, àárín wọn bọ́ sí (2,6) àti (6,6). Mo so méjèèjì, àárín bọ́ sí (4,6). Orí ìlà tó tẹ̀ náà gan-an ni ojú àmì yẹn wà. Mo wá gba inú pọlinọ́míà lọ: ní ìdajì ọ̀nà, ìpín ojú àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìdá kan, mẹ́ta, mẹ́ta, kan nínú mẹ́jọ; mo fi ìpín kọ̀ọ̀kan sọ ojú àmì rẹ̀ di púpọ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èsì kan náà ló jáde, (4,6).

Ẹ wò ó, 8 ni àwọn tòkè méjèèjì wà, 6 ni ìlà dúró. Wọ́n ń fà á, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Abájọ tí àwọn ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà fi máa ń fa ojú àmì kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kí ìlà dé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ x mẹ́ta, ìyẹn x lọ́nà x lọ́nà x, ni wọ́n máa ń dúró sí jù? X méjì, ẹ̀gbẹ́ kan ló lè tẹ̀ sí. S á tẹ̀ sápá kan, á tún yí padà sí kejì, x mẹ́ta ló kéré jù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ǹtì TrueType ń lo x méjì, torí náà ó nílò ègé tó pọ̀ sí i. Bí a bá sì ní ká kó x rẹpẹtẹ jọ kí ìlà kan lè gba gbogbo ojú àmì kọjá, Carl Runge ti fi hàn lọ́dún 1901 pé ó lè máa fì sókè sódò kíkankíkan níhà ìparí méjèèjì. Ègé kéékèèké ni wọ́n ń so pọ̀, ibi tí èyí kọjú sí nígbà tó parí ni èkejì á kọjú sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ara mọ́tò, ìyẹn nìkan ò tó. Bí ègé méjì ò bá tẹ̀ dọ́gba níbi oríkèé, ọwọ́ lè máà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n iná tó tàn sára ọ̀dà á ṣẹ́ níbẹ̀, ojú á sì rí i. Èyí ni mo fẹ́ dán wò lọ́la, bóyá màá lè rí oríkèé inú S mi.