Òkè Tí Mo Ti Ń Yà Sójú Pátákó: Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan Sí Teide

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti ya òkè ayọnáyèéfín rí. Ẹ ó ya òkè ṣóńṣó, ẹ ó fa ihò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ ó fi ẹfun pupa kun orí rẹ̀, ó parí. Èmi náà yà á títí ní Òṣogbo níbí, mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí òkè erékùṣù La Palma bú gbàmù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, tí kò sì sinmi títí di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, orí WhatsApp kún fún fídíò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé irú eléyìí lè ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀?" Mo ní rárá, àpáta tiwa ti darúgbó, iná ti kúrò nídìí rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé ni. Ó wù mí kí n fojú ara mi rí òkè tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Santa Cruz ní erékùṣù Tenerife, ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ físà àti ìdúró ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn mọ̀ ọ́n. Tenerife àti La Palma wà lára àwọn erékùṣù Kánárì. Spéìn ló ni wọ́n, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà níhìn-ín ni wọ́n wà: láti etíkun ilẹ̀ Áfíríkà dé Tenerife, nǹkan bí 300 kìlómítà ni. Iná abẹ́ òkun ló bí gbogbo wọn. Àpáta tó dàgbà jù ní Tenerife kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ọdún lọ, nígbà tí èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa l'Óṣogbo ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Ọmọ àná ni ilẹ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Àbúrò mi fẹ́ fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé mi gun Teide, òkè ayọnáyèéfín tó wà láàárín erékùṣù náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi afinimọ̀nà ṣe? Mo mọ ọ̀nà." Mo ní mo mọ̀ pé o mọ ọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni mo bá wá. Òun náà bá wa lọ, inú bọ́ọ̀sì kékeré kan, àwa bíi méèédógún. Afinimọ̀nà wa jẹ́ ọmọ bíbí erékùṣù náà, obìnrin tí kò ga púpọ̀, tí ohùn rẹ̀ dùn, tó ń sọ èdè Spéìn tán kó tó tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ibi tí a dé tí kò mọ orúkọ rẹ̀: àpáta, ewéko, àfonífojì, títí kan atẹ́gùn.

Atẹ́gùn yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. A gba La Laguna, a gba La Esperanza, a wọ inú igbó igi páìnì, kùrukùru sì bo ojú ọ̀nà bámúbámú. Atẹ́gùn tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn fẹ́ lórí òkun ló ń kó ìkuukùu wá gún òkè náà. Òkè kò jẹ́ kó kọjá, ìkuukùu á wá jókòó sórí igbó. Ewé igi páìnì tibẹ̀ gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́ta mẹ́ta ló ń jáde pọ̀. Òun ló ń mú omi inú kùrukùru, tí omi náà á máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó, bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Ibẹ̀ ni díẹ̀ lára omi abẹ́ ilẹ̀ tí ará erékùṣù ń mu ti ń wá.

Afinimọ̀nà ní kí dírẹ́bà dúró. Ó mú wa dé ìdí igi kan, ó ní ká fọwọ́ kàn án. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó dúdú bí èédú, ó sì yí mi lọ́wọ́. Iná igbó ńlá tó jó ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú èèpo tó jóná yẹn, ewé tuntun ti rú jáde lára igi náà látìsàlẹ̀ dókè, ó tutù, ó rọ̀. Mo dúró tì í pẹ́. Igi páìnì púpọ̀ ní ibòmíràn, bí iná bá ti jó wọn tó báyìí, ó tán. Ti Kánárì yìí a máa rú padà. Ilẹ̀ tó ń tutọ́ iná ló bí i, ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń bá iná gbé.

Ó kù díẹ̀ ká dé Izaña, níbi tí àwọn ilé funfun tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wà, a yọ lójijì kúrò nínú kùrukùru. Oòrùn yọ sí wa lójú. Ìkuukùu tó bò wá lẹ́ẹ̀kan ti tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó funfun, ó lọ rere títí dé ibi tí ojú lè rí. Iwájú ni Teide wà.

Gíga rẹ̀ jẹ́ 3,715 mítà, kò sì sí òkè tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Spéìn. Bí ẹ bá kà á láti ìsàlẹ̀ òkun, yóò tó nǹkan bí 7,500. Mo mọ nọ́ńbà wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òkè náà kì í ṣe òkè kan ṣoṣo bí èyí tí mo ń yà sójú pátákó. Inú kòtò rìbìtì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 16 ló dúró sí. Òkè ńlá ìṣáájú ló wó lulẹ̀, tó fi kòtò yẹn sílẹ̀. Teide wá hù láàárín rẹ̀, Pico Viejo sì hù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí wọ́n ń pè ní La Tarta, wọ́n gé òkè fún ojú títì, ẹ óò sì rí ìpele ìpele lára rẹ̀: eérú dúdú, òkúta funfun fífúyẹ́, ilẹ̀ pupa, dúdú padà. Gbogbo ìgbà tí iná bú ló fi ìpele tirẹ̀ sílẹ̀. Tọ́ọ̀mù kan gbáko ni mo fi ń ṣàlàyé èyí fún kíláàsì.

Nígbà tí a dé àárín kòtò náà, afinimọ̀nà pa ẹ̀rọ ohùn rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa sún mọ́ òun. Ó sọ ìtàn àwọn Guanche, àwọn tó kọ́kọ́ ni erékùṣù náà, tí wọ́n ti àríwá Áfíríkà wá. Wọ́n ní ẹ̀mí búburú kan tó ń jẹ́ Guayota ń gbé inú òkè yìí. Lọ́jọ́ kan, ó jí Magec, òòṣà oòrùn, ó gbé e wọnú òkè, òkùnkùn bo ayé. Àwọn èèyàn ké pe Achamán, ọba ọ̀run. Achamán bá Guayota jà, ó ṣẹ́gun rẹ̀, ó tú Magec sílẹ̀, ó sì sé Guayota mọ́ inú òkè, ó fi òkúta dí ẹnu rẹ̀ pa. Ìgbàkígbà tí òkè bá bú, Guayota ló fẹ́ jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe màámi, mo sọ ìtàn náà fún wọn. Aláró ni wọ́n, wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní, "Èdè wo ló fi sọ ọ́ fún yín?" Mo ní èdè Spéìn àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní, "Èdè àwọn tó ni ìtàn ńkọ́?" Mo ní ó ti parun. Ní 1496 ni àwọn ará Spéìn ṣẹ́gun Tenerife tán, nígbà tó sì yá, kò sí ẹni tó ń sọ èdè náà mọ́. Orúkọ ìlú, orúkọ òkè àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀ ló kù. Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o."

Mo ti ń ronú sí ìbéèrè yẹn láti ìgbà náà. Àwa l'Óṣogbo, ìtàn Láróòyè àti Olútìmẹ́yìn, igi tó wó sódò, ohùn tó ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, Yorùbá la fi ń gbọ́ ọ, Yorùbá la fi ń kì í. Afinimọ̀nà tó bá mú àlejò wọ Igbó Òṣun lónìí lè ki Òṣun ní èdè tí Òṣun gbọ́. Ọrọ̀ ńlá ni, ojú ẹni tí kò ní in ni mo ti rí bó ṣe tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òkè. Ọkọ̀ orí wáyà kan wà tó ń gbé èèyàn gun Teide. Láti 1971 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí òkè tó ti gbéra, gíga ibẹ̀ jẹ́ 2,356 mítà. Ibi tó já wa sí jẹ́ 3,555, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ẹni tí àyà bá ń dùn àti aláboyún, wọn kì í gbà wọ́n níyànjú láti wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, èémí mi kúrú; ìṣísẹ̀ díẹ̀ báyìí, mo ní láti dúró. Òtútù mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta èèyàn lára. Ẹ mú súwẹ́tà dání, ẹ mú omi, kẹ́ ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Láti dé góńgó òkè gan-an, níbi tí èéfín gbígbóná ti ń yọ látinú ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́tọ̀. Àwa kò gbà á. A rìn dé ibi tí èèyàn ti lè wo ẹnu Pico Viejo, ihò ràgàjì tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 800 mítà. Àbúrò mi nawọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní, "La Palma nìyẹn." Òkè inú fídíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó yọ sókè lórí ìkuukùu níwájú mi.

Ìlà-oòrùn ṣú díẹ̀. Afinimọ̀nà ní eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni, pé nígbà míràn ó máa ń bo gbogbo erékùṣù débi pé wọn kì í rí òkè. Eruku aṣálẹ̀ kan náà tí ọyẹ́ ń gbé wá bá wa ní Òṣogbo lẹ́yìn ọdún Kérésì.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Roques de García. Gbajúmọ̀ ibẹ̀ ni Roque Cinchado, àpáta tí orí rẹ̀ tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn owó bébà 1,000 pẹ̀sẹ́tà rí, kí Spéìn tó gba owó yúrò. Òdòdó tajinaste ń tanná nígbà tí a lọ, òpó pupa tó ga ju mi lọ, oyin sì bò ó. Ẹnì kan nínú wa mú òkúta dúdú dídán kan nílẹ̀, irú èyí tí àwọn Guanche fi ń ṣe ọ̀bẹ. Afinimọ̀nà kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn ní, "Jọ̀ọ́, dá a padà síbi tó wà gan-an." Láti 1954 ni wọ́n ti fi òfin ṣọ́ ibẹ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2007. Èèyàn kì í yẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀.

Ọkàn mi gbọgbẹ́ níbẹ̀, n kò ní purọ́. Igbó Òṣun ti wọ inú ìwé UNESCO kan náà ní 2005. Inú igbó náà, a kì í dá igi, a kì í pẹja. Ṣùgbọ́n odò tó gba àárín rẹ̀ kọjá ti pọ́n bí ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ lókè odò, débi pé ní ọdún 2022 àwọn aláṣẹ ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó wá sọ́dún pé kí wọ́n má mu omi náà. Àwọn tó pàdánù èdè òkè wọn ń ṣọ́ òkúta rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tí èdè wa wà lẹ́nu, omi wa ń bàjẹ́. Inú ń bí mi sí i.

Nígbà tí a ń sọ̀ gba ọ̀nà Chío, a rí ibi tí iná ti jáde lára Pico Viejo ní 1798, dúdú kirikiri. Chinyero, tó bú kẹ́yìn ní Tenerife, ní 1909, kò jìnnà síbẹ̀. Abúlé Masca náà dára, àmọ́ kọ́nà ojú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ débi pé òòyì ń kọ́ mi, n kò lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀.

Garachico la parí sí. Èbúté ọlọ́rọ̀ ni nígbà kan, kí iná ilẹ̀ tó ṣàn wọ̀ ọ́ ní 1706, tó dí èbúté náà. Ìlú ṣì wà. Àpáta tí iná náà dì sí ti di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. A jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n fi iyọ̀ sè títí ara rẹ̀ fi hunjọ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń pè ní mojo. Àbúrò mi bù mí ní gofio díẹ̀, ọkà yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná, oúnjẹ àwọn Guanche tó ṣì wà títí dòní. Ẹni tó bá ti jẹ ààdùn rí, òórùn rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i.

Nígbà tí mo padà dé kíláàsì, ọmọ kan bi mí pé, "Mà, bí òkè yẹn bá ṣì lè bú, kí ló dé tí wọn ò kó kúrò níbẹ̀?" Èmi náà ti bi afinimọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, ó ní eérú òkè náà ló ń bọ́ ọ. Èèyàn tó lé ní 900,000 ló ń gbé Tenerife. Wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́ ara òkè, tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì àti irú èéfín tó ń yọ. Tí nǹkan bá ń bọ̀, wọ́n retí pé àwọn yóò mọ̀ ṣáájú. Mo kọ ìdáhùn náà sójú pátákó, lẹ́yìn náà mo ya òkè míràn fún wọn, kì í ṣe ṣóńṣó kan mọ́: kòtò rìbìtì, Teide láàárín, Pico Viejo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkuukùu nísàlẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn ni kí kálukú lọ bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ní ìtàn òkè tàbí odò kan ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ wá ní Yorùbá.