Ọdún Tí Ìdí Ṣòkòtò Mi Ya Lórí Òkè

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2025, mo kọ nǹkan mẹ́fà sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun kan. Ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kí n dín ọ̀rá ikùn kù. Kí n gba gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ mí. Kí n má gba aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́ bó bá ti kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá. Ẹ̀kẹfà, epo ẹ̀rọ ti dà sí i, mi ò lè kà á mọ́.

Àná ni mo ṣí ìwé náà. Ẹ̀rọ nìkan ló bọ́ sí i, mo ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògiri wà níbi tí ọdún tó kọjá fi í sí, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sókè, ewúrẹ́ aládùúgbò ń fò ó bó ṣe wù ú. Ikùn ń bẹ. Ní ti gbèsè, ìyáàfin kan kó aṣọ àǹkóò ènìyàn méjìlá lọ́wọ́ mi láti oṣù Kẹrin, kò tíì san ju ìdajì lọ. Bó bá ń ka èyí, ó mọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oṣù Kejìlá, ẹ má bi mí. Aṣọ mẹ́rin ló wà lórí tábìlì báyìí tí àwọn tó ni ín fẹ́ wọ̀ lọ sí àìsùn ọdún tuntun.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn nǹkan tí inú mi dùn sí jù lọ́dún yìí, kò sí ọ̀kan tí mo kọ sílẹ̀ nínú wọn. Wọ́n fà mí lọ sídìí gbogbo rẹ̀ ni, èmi náà ń ráhùn lọ. Àkọ́bí mi ló fi agídí gbé sọ́là wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jà, òun ni mo sì fi ń ránṣọ lóru báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fẹ́ ṣe frídọ̀mù, mo ní kó ṣì dúró ná, ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, a ṣe é, mo sì jó ju ọlọ́jọ́ lọ. Èyí tó wá ga jù nínú wọn, gíga gidi ló ga: mítà 533.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Rio de Janeiro, ní Brazil. Oṣù Kẹjọ ló gbéyàwó. Fún ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, àwa méjèèjì kò wọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ni. Ẹni tó bá ti pín ogún rí mọ bó ṣe máa ń rí, mi ò ní tú u síbí. "Ẹ kú ọdún, Àǹtí mi" lórí WhatsApp, "Kú ọdún," ó parí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rán aṣọ òkè ìgbéyàwó àbúrò mi bí kò bá ṣe èmi? Mo rán an. Mo sì gbé e lọ fúnra mi, láti Èkó dé Addis Ababa, láti Addis Ababa dé São Paulo, àpò aṣọ lórí itan mi bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó ló ní kí á lọ gun òkè.

"Àǹtí mi, ó kúrú. Bíi kìlómítà kan ààbọ̀ péré ni."

Mo ní èwo ni péré níbẹ̀. Ọdún 51 ni mí, mo sì ti fi ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń mọ̀ ṣáájú mi bí òjò bá ń bọ̀. Èmi ti rí ibi tí mo fẹ́ lo ọjọ́ mi sí: obìnrin kan ń din àkàrà nínú epo pupa ní etíkun Ipanema, aṣọ funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, ó wé gèlè. Acarajé ni wọ́n ń pè é, "àkàrà" àti "jẹ" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á rọ ọbẹ̀ àti edé sí àárín rẹ̀. Mo ti jẹ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo fẹ́ jẹ ẹ̀kẹta.

Ni ìyàwó wa bá kúnlẹ̀. Ọmọ Rio pọ́ńbélé ni, àbúrò mi ló kọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi." Ohùn rẹ̀ gba ibòmíràn lọ, orúnkún rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Báwo ni n ó ṣe kọ̀ fún ìyàwó tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Dois Irmãos lorúkọ òkè náà, ọmọ ìyá méjì ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí méjì ni wọ́n, wọ́n dúró ti ara wọn, ọ̀kan ga, ọ̀kan kéré. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ni, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọn ìbá sọ wọ́n, wọn ìbá sì ti máa se ẹ̀wà fún wọn. Èyí tó ga la fẹ́ gùn. "Ti ẹ̀gbọ́n nìyẹn," àbúrò mi wí, ó ń wojú mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún yóò gba Vidigal kọjá, àdúgbò kan tó gun òkè láti etíkun, ilé lórí ilé, bí páálí tí wọ́n tò jọ nínú ìsọ̀. Àwọn ará Brazil ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní favela. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí kí ni mo rí? Ọ̀kadà! Wọ́n tò sí gbàgede, wọ́n ń dúró de èrò. Mototáxi ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀kadà lọ̀kadà ń jẹ́. Títì yẹn rí kọ́lọkọ̀lọ, ó sì nà ró. Mo di ẹ̀wù ọmọkùnrin tó gbé mi mú débi pé mo mọ irú aṣọ tó jẹ́: pọliẹ́sítà, òwú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Àdúgbò náà ní ìtàn. Ìjọba fẹ́ lé wọn kúrò níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n ní àwọn kò lọ, wọn kò sì lọ. Ní 1980, Póòpù John Paul Kejì wá kí wọn lórí òkè yẹn, ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn ìtàn òrùka yẹn ju òkè náà lọ.

Ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù kan lókè Vidigal ni ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ igbó lọ. Ká tó rìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Erùpẹ̀ pupa, gbòǹgbò igi, àpáta tí bàtà àwọn èèyàn ti fi dán. Ìyàwó wa wà níwájú, ó ń sọ pé "falta pouco," ó kù díẹ̀. Ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin ni mo dá a mọ̀: bí mo ṣe máa ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ ku bọ́tìnnì nìkan nìyẹn, nígbà tí mi ò tíì gé e.

A dé ibì kan tí igbó ti là. Rocinha wà nísàlẹ̀, favela tó tóbi jù ní Brazil, ètò ìkànìyàn 2022 ka èèyàn bíi 72,000 níbẹ̀. Òrùlé kò jẹ́ kí ilẹ̀ ráyè. Ìyàwó wa ti lọ síwájú. Mo jókòó sórí àpáta. Àbúrò mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ha amọ̀ lára bàtà rẹ̀ pẹ̀lú igi kékeré, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré bó bá ti jẹ̀bi.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Lórí ọ̀rọ̀ ilé yẹn."

Mo wo Rocinha títí. Mo ní, "Gbé omi wá."

Ó gbé e wá. Ó ti ṣí ìdérí rẹ̀. Mo mu, mo dá ìyókù padà fún un, ó mu ún. Gbogbo ohun tí a sọ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn títí di òní, ó sì ti tán. Àwọn àgbà ẹbí tó pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta lórí rẹ̀, mo kí wọn.

Ibi tó kù ló le jù. Àpáta kan wà tí mi ò lè gbé ẹsẹ̀ dé orí rẹ̀. Àbúrò mi na ọwọ́ sí mi, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó tún nà á, mo ní n ó ṣe é. Nígbà kẹta, mo dì í mú.

Lókè, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dára. Etíkun Leblon àti ti Ipanema nà lọ bí ìgbátí funfun létí aṣọ aró, adágún omi wà lẹ́yìn wọn, ère Jésù tó ti wà lórí òkè Corcovado láti 1931 sì na apá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn igbó ńlá tó yí ibẹ̀ ká kò ṣàdédé hù. Oko kọfí ti run wọ́n, odò ń gbẹ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn gbìn ní 1861, àwọn ẹrú ló sì kọ́kọ́ gbìn wọ́n. Mo ronú kan èyí díẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gbọ́ èdè mi wà nínú àwọn tó gbẹ́ ihò igi wọ̀nyẹn.

Ìyàwó wa kọjú sí òkun, ó ní "Odoyá!" Mo bi í kí ló sọ. Ó ní báwọn ṣe ń kí Yemọja nìyẹn. Odò ìyá. Odò Ògùn ni àwa mọ Yemọja sí. Òkun ni tiwọn gbé e lọ. Lálẹ́ ọ̀la, àìsùn ọdún tuntun, wọ́n á wọ funfun lọ sí etíkun Copacabana, wọ́n á ju òdòdó funfun sómi fún un. Ó ní òun á ju ọ̀kan fún mi.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Orúnkún mi ní òun kò ṣe mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń fi ìdí wọ́ lórí àpáta bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ni mo gbọ́ "fààà". Ṣòkòtò àǹkárá tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ya láti ìdí dé itan. Èmi tí mo ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n rán ìdí ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì! Àbúrò mi bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó so ó mọ́ mi ní ìbàdí bí ìró, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ fún ọdún méjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun ọ̀kadà padà gba àárín Vidigal kọjá.

Lánàá ló fi àwòrán òkè mìíràn ránṣẹ́, Pedra da Gávea, mítà 844. "Ó kúrú," ló kọ sábẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ṣòkòtò náà ṣì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì tún un rán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ tuntun gbé e sílẹ̀, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó ní, "Mà, ta ló rán èyí láìrán ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo ní oníbàárà kan ló gbé e wá, láti ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.