Ó ń gbọ́, kò kàn rí i dì ni

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ti gba oògùn Bọ̀dá dé láti ọsibítù. Schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń da ìrònú èèyàn rú, ló ń ṣe wọ́n. Òjò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Agric dé Sabo, wọ́n ní ọ̀kan nínú oògùn náà ti tán. Ó parí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kan sọ lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ń jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀ pé ṣé kò gbọ́ ohun tí dókítà wí ni. Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó ń gbọ́. Kò kàn rí i dì ni."

Kò rí i dì. Gbogbo ìwé tí mo ti ń kà kiri nípa àìsàn yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́ ṣókí báyìí. Ní 1950, Miller àti Selfridge, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ka ọ̀rọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n rántí ẹ̀. Òmíràn fọ́n ká bí "epo, sáré, bàtà, àná", òmíràn ń sún mọ́ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ìtò rẹ̀ ṣe ń jọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí i ni wọ́n ń rántí sí i, kódà tí kò bá nítumọ̀ tán. Ní 1964, Lawson, McGhie àti Chapman gbé irú ẹ̀ fáwọn tó ní schizophrenia. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó fọ́n ká, àwọn àti ẹni tára ẹ̀ dá ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Tí ọ̀rọ̀ bá wá tò, àwọn tára wọn dá á máa rántí sí i, àwọn aláìsàn ò ní lè bá wọn débẹ̀.

Wọ́n sì ń sọ fún wa nílé pé ká máa to ọ̀rọ̀ fún Bọ̀dá. Kí là ń tò? Ajá gé Délé jẹ, Délé gé ajá jẹ: ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tí kálukú jókòó sí ló yàtọ̀. Abájọ tí Bọ̀dá fi bi mí lọ́jọ́sí pé, "Nínú àwọn méjèèjì, ta ló na ta?"

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí náà ni Bọ̀dá ki oríkì ilé wa látòkè délẹ̀ fún Màmá wa, wọn ò fo ìlà kan. Ta ló bá wọn di ìyẹn? Bóyá torí pé láti kékeré ni. Bóyá... mi ò mọ̀. Àwọn tó tún un dán wò lẹ́yìn 1964 gan-an, ẹnu wọn ò kò. Bọ̀dá sì rántí ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí mo jẹ wọ́n o, àti ọjọ́ tí mo yá a!

Inú ọmọbìnrin yẹn ṣì ń bí mi. Ẹ wo bó ṣe ń pariwo láàárín èrò. Àmọ́ ó ti rẹ òun náà, ojú ẹ̀ wú. Èmi náà ti pariwo rí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀.

Ìgbógbó ni mo máa wá oògùn tó kù lọ lọ́la. Ẹ má bi mí ní iye tó máa jẹ́.