Abẹ́òkúta sí Àbújá: Mo Wọ Bàálù Lọ, Mo Gba Títì Bọ̀

"Wákàtí kan péré ni!" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá gbọ́ pé bàálù lèèyàn fẹ́ wọ̀ lọ sí Àbújá. Òótọ́ ni, tá a bá kà á láti ìgbà tí bàálù bá gbéra ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n àwa ará Abẹ́òkúta kì í gbé Ìkẹjà.

Apá àríwá lápá ìlà-oòrùn ni Àbújá wà sí wa, síbẹ̀ gúúsù ni mo kọ́kọ́ forí lé, bíi 80 kìlómítà, kí n tó rí bàálù wọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti wà ní gáréèjì Kútọ̀. A kọjá Papalantó, a kọjá Ifọ̀, àmọ́ nígbà tá a dé Sàǹgó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbà wá mú. Mo sáré dé pápákọ̀, wọ́n ní bàálù wa ò tíì dé, a sì jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìrìn ojú òfúrufú náà, tó lé díẹ̀ ní 500 kìlómítà, kò ní ìtàn: ìkùukùu, omi, bisikí, a ti balẹ̀. Láti ibẹ̀ wọ ìgboro Àbújá tún tó 40 kìlómítà. Oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó dé ilé àbúrò mi.

Lẹ́yìn ìkómọ tí mo torí rẹ̀ lọ, mo ní títì ni màá gbà padà. Ìyàwó àbúrò mi bẹ̀ mí títí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwọn ajínigbé." Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ọkọ̀ tó máa ń gbéra ní ìdájí, tí awakọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà Ọ̀kènè.

Ọ̀nà náà tó bíi 700 kìlómítà, ó sì ro mí lẹ́yìn gan-an. Ṣùgbọ́n mo rí Odò Ọya! Nígbà tá a gun afárá Jàmátà, ìyá àgbàlagbà kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́ fọwọ́ tọ́ mi léjìká: "Ọmọ mi, wo bí omi ṣe fẹ̀." Àwọn apẹja wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan ń fa àwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà ò gbójú kúrò lára omi títí afárá fi tán. Ní Lọ́kọ́ja, èdè Haúsá ni wọ́n fi ń polówó ọjà létí fèrèsé wa. Ní Ọ̀kènè, Ẹ̀bìrà ni. Ìgbà tá a dé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni mo gbọ́ "Ẹ kú ìrìn o, ẹ wá ra iṣu," ara mi sì balẹ̀. Àkúrẹ́, Iléṣà, Ifẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọ Ìbàdàn, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ mìíràn tó já mi sí Àsérò, ní Abẹ́òkúta.

Tí arúgbó tàbí aláìsàn bá ń lọ, bàálù ni kó wọ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ kó lọ sùn sí Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Ládérìn, kó sọ̀kalẹ̀ ní Agége, tí àsìkò ọkọ̀ náà bá ti bá ti bàálù mu. Pápákọ̀ tí ìjọba Ògùn kọ́ sí Ìpẹ̀rù náà tún wà. Téèyàn bá gba Kobapé já sí Ṣágámù lọ síbẹ̀, kò ní rí Sàǹgó rárá.