Tí ìjọba bá ti ń ka ọjọ́ orí adájọ́, ẹ pariwo

Ọ̀pọ̀ wa ṣì gbà pé sójà nìkan ló lè gba ìjọba tiwantiwa lọ́wọ́ aráàlú, pé tí ìbọn ò bá tíì dún, kò tíì sí wàhálà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù báyìí ni èyí tí wọ́n dìbò fún nílé ìgbìmọ̀, tí wọ́n buwọ́ lù, tí gbogbo ẹ̀ wá dà bí iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán.

Ẹ wo Húngárì. Ẹgbẹ́ òṣèlú Viktor Orbán, tó di olórí ìjọba níbẹ̀, wọlé ní 2010, wọ́n ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀, torí náà wọ́n lè tún òfin ìlú kọ bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tó di 2012 wọ́n fa ọjọ́ orí tí adájọ́ máa ń rìtáyà wálẹ̀ láti 70 sí 62. Wọn ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o, wọn ò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, àmọ́ àwọn àgbà adájọ́, tó fi mọ́ àwọn tó jẹ́ olórí kọ́ọ̀tù, ló gbá lọ, ẹlòmíì sì bọ́ sórí àga wọn. Kọ́ọ̀tù Yúróòpù, ìyẹn kọ́ọ̀tù àjọ EU tí Húngárì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀, sọ lọ́dún yẹn náà pé kò bófin mu, ṣùgbọ́n àga ti kún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí yẹn ò sì padà sípò wọn mọ́.

Pólándì ṣe irú ẹ̀ ní 2018 fáwọn adájọ́ kọ́ọ̀tù tó ga jù, láti 70 sí 65. Olórí kọ́ọ̀tù wọn tó ga jù, Małgorzata Gersdorf, ní ọdún mẹ́fà ni òfin ìlú fún òun, bí òfin tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ó wọlé sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ bí ìṣe ẹ̀, àwọn èrò sì dúró tì í níta. Kọ́ọ̀tù Yúróòpù náà dá sí i, kí ọdún tó parí wọ́n ti yí òfin yẹn padà.

Ti Màláwì ló wú mi lórí jù. Lóṣù kejì 2020, adájọ́ márùn-ún fagi lé ìbò ààrẹ ti 2019 torí pé wọ́n ti fi Tipp-Ex, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́, pa iye ìbò rẹ́ lórí ìwé èsì, ẹ̀wù tí ọta ìbọn ò lè gbà kọjá ni wọ́n wọ̀ wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó wá ku bí ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tún ìbò dì, ìjọba ní kí adájọ́ àgbà Andrew Nyirenda lọ gba lìífù títí tó máa fi rìtáyà, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ju ọdún kan lọ! Àwọn lọ́yà tú síta, kọ́ọ̀tù dá àṣẹ yẹn dúró, wọ́n dìbò ní June 23, Lazarus Chakwera tó jẹ́ alátakò ló sì wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí òfin kankan tó bá máa yí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì padà má kan adájọ́ tó ti wà lórí àga, àwọn tí wọn ò tíì búra fún ni kó bẹ̀rẹ̀ látorí wọn. Kó sì má jẹ́ ààrẹ nìkan láá máa yan ẹni tó máa rọ́pò wọn. Tí wọ́n bá gbé irú àbá yìí wá sílé ìgbìmọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó dìbò: adájọ́ wo ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹjọ́ wo ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí?